Ṣé lóòótọ́ ni yíyí èrò ọkàn padà ń mú kí ìgbé ayé ojoojúmọ́ sunwọ̀n sí i?

Afẹ́fẹ́_Òwúrọ̀ (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lọ́kàn mi tí mo fẹ́ ká jọ tú wò. Ibi gbogbo téèyàn bá yíjú sí ni wọ́n ti ń sọ pé "yí èrò rẹ padà, ayé rẹ á yí padà." Àwọn kan sọ ọ́ di oògùn gbogbonìṣe: tó o bá ti gbà á gbọ́, ó ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn ní ìsọkúsọ ni, wọ́n ní èrò kì í san gbèsè. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ló fo ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an dá.

Ohun tí mo gbà ni pé láàárín nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí wa àti ohun tá a ṣe sí i, gbólóhùn kan wà tá a máa ń sọ fún ara wa. Ó máa ń yára débi pé a kì í gbọ́ ọ. Ọ̀gá ní ká wá rí òun lọ́la, gbólóhùn ti jáde: "Wọ́n fẹ́ dá mi dúró." Ọ̀rẹ́ ka àtẹ̀jíṣẹ́, kò fèsì: "Mo ti ṣẹ̀ ẹ́." Ọmọ da omi sórí ìwé: "Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni." Látorí gbólóhùn yẹn ni àyà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í já, oorun á dá lójú, ohùn á le sí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Bí gbólóhùn yẹn bá yí padà, ohun tó tẹ̀ lé e náà á yí.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Epictetus, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì tí wọ́n bí sí ipò ẹrú ní ọ̀rúndún kìíní, sọ pé kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń da èèyàn láàmú, èrò tó ní nípa rẹ̀ ni. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, dókítà kan ní Philadelphia, Aaron Beck, tó ń tọ́jú àwọn tí ìsoríkọ́ ń yọ lẹ́nu, ṣàkíyèsí pé èrò kan máa ń já lu ọkàn wọn láìjẹ́ pé wọ́n pè é, wọn kì í sì í sọ ọ́ jáde àyàfi téèyàn bá béèrè. Orí èyí ló gbé ìtọ́jú rẹ̀ kà, títí dòní ni wọ́n sì ń lò ó káàkiri ayé.

Ìbéèrè mi rèé: níbo ni yíyí èrò ti ṣiṣẹ́ fún yín nínú nǹkan kéékèèké ojoojúmọ́? Níbo ni kò ti ṣiṣẹ́? Ẹ dákun, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe gan-an fún wa.

Olùkọ́_Ìṣirò

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, mo sì ń rí gbólóhùn tẹ́ ẹ sọ yẹn lójú àwọn ọmọ lójoojúmọ́.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí gbogbo èèyàn ń pè ní olórí pípé. Tí iṣẹ́ bá rọrùn, òun ló máa kọ́kọ́ nawọ́. Tó bá le, á tẹrí ba, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé, á máa fi rọ́bà pa ohun tó kọ rẹ́ títí ojú ìwé á fi lu. Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo wo ìwé náà dáadáa. Àwọn ìlà tó kọ́kọ́ kọ ṣì hàn fírífírí lábẹ́ ibi tó pa rẹ́, wọ́n sì tọ̀nà. Àmì ìyọkúrò kan ṣoṣo ló gbàgbé ní ìsàlẹ̀. Nítorí àmì kan, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, torí lójú tirẹ̀, olórí pípé kì í ṣi nǹkan kọ.

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Claudia Mueller àti Carol Dweck, tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1998. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àṣerò, gbogbo wọn ṣe é dáadáa. Wọ́n wá yin àwọn kan pé orí wọn pé, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n tẹpá mọ́ṣẹ́. Gbólóhùn ìyìn kan péré ni o. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan iṣẹ́ tó kàn, àwọn tí wọ́n yìn fún orí pípé fẹ́ràn èyí tí kò ní dójú tì wọ́n, àwọn tí wọ́n yìn fún akitiyan sì fẹ́ràn èyí tí wọ́n á ti kọ́ nǹkan. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ tó le gan-an ti já gbogbo wọn kulẹ̀, àwọn olórí pípé ò lè ṣe irú iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nígbà tí àwọn ti akitiyan ń tẹ̀ síwájú. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ sọ máàkì wọn fún ọmọ mìíràn, àwọn tí wọ́n yìn fún orí pípé ló bù mọ́ tiwọn jù.

Èmi ò pe ẹnikẹ́ni ní olórí pípé mọ́ ní kíláàsì. Mo máa ń béèrè pé, "Ibo lo dé? Kí lo ti dán wò?" Mo sì ti fi òfin dè é, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lo rọ́bà nínú ìwé iṣẹ́. Ìlà kan ni kí wọ́n fà sórí èyí tí kò tọ̀nà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ká lè rí ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ọmọbìnrin yẹn kọ́kọ́ sunkún nítorí òfin yìí. Nísinsìnyí, òun ló ń jàn mí níyàn jù lórí pátákó.

Ojú_Lalákàn

Mo ti ka tàwọn ọ̀gá méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yín dùn létí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí wọn kì í sọ.

Ó rọrùn láti ní kéèyàn yí èrò padà nígbà tí owó ilé ò léni lórí. Ní 2013, àwọn olùwádìí kan gbé iṣẹ́ jáde lórí àwọn àgbẹ̀ onírèké ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Íńdíà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lowó ńlá máa ń wọlé fún wọn, ìyẹn lẹ́yìn ìkórè. Wọ́n fún àgbẹ̀ kan náà ní ìdánwò àṣerò ṣáájú ìkórè, nígbà tí gbèsè àti àìní ń fún wọn lọ́rùn, wọ́n tún fún un lẹ́yìn ìkórè tí ọwọ́ ti dẹ̀. Èèyàn kan náà, orí kan náà, àmọ́ èyí tó ṣe ṣáájú ìkórè ò dáa tó èyí tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tún èyí rò. Ohun tó yí padà ni àpò wọn, kò sẹ́ni tó wàásù èrò rere fún wọn.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi máa ń ru tí mo bá gbọ́ tí ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò sanwó fún pé kí wọ́n tún èrò wọn ṣe. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe sí wa. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ni wọ́n kó lé ẹnì kan lórí, tó bá ní ó rẹ òun, wọ́n á ní èrò rẹ̀ ni kò dáa. Kì í ṣe èrò ló ń rẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ló ń rẹ̀ ẹ́.

Afẹ́fẹ́_Òwúrọ̀

Ojú_Lalákàn, ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ọ̀gá yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, mi ò sì ní jà yín níyàn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi "yí èrò rẹ padà" bo ìyà tó fi ń jẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, ìwà ìkà ló ń hù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí àwọn àgbẹ̀ yẹn. Kí lẹnì kan nínú wọn á máa sọ fún ara rẹ̀ ní oṣù tí kò sówó, tó gbàgbé nǹkan, tó ṣìṣirò, tó jágbe mọ́ ọmọ? Ó ṣeé ṣe kó sọ pé, "Mo ti ya dìndìnrìn." Ìwádìí tẹ́ ẹ mú wá yìí sì fi hàn pé irọ́ gbuu ni gbólóhùn yẹn. Kò ya dìndìnrìn, ẹrù ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ẹrù ló wà lórí òun á ṣe nǹkan yàtọ̀ sí ẹni tó rò pé òun ò gbọ́n. Á kọ nǹkan sílẹ̀ dípò kó gbára lé ìrántí. Kò ní tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lálẹ́ ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Á ní kí ẹlòmíràn bá òun ka ìwé náà kó tó fọwọ́ sí i. Àìní ò tíì kúrò níbẹ̀ o, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní fi ẹ̀gàn ara rẹ̀ kún àìní.

Lójú tèmi, ibi tí yíyí èrò ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ká pe nǹkan ní orúkọ tó jẹ́. Nígbà mìíràn orúkọ tó jẹ́ ni "wọ́n ń rẹ́ mi jẹ", ohun tó sì kàn lẹ́yìn ìyẹn ni kéèyàn wá iṣẹ́ mìíràn tàbí kó kó ẹgbẹ́ jọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Olùkọ́_Ìṣirò

Kí n fi díẹ̀ ti Ojú_Lalákàn lẹ́yìn. Ní 2019, ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí nǹkan bí 12,000 ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n fún wọn ní ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà tí kò tó wákàtí kan, tó ń ṣàlàyé pé ọpọlọ máa ń lágbára sí i téèyàn bá ń lò ó lórí ohun tó le. Àǹfààní wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí máàkì wọn kéré, àmọ́ ó mọ níwọ̀n: nǹkan bí 0.1 lórí òṣùwọ̀n máàkì tó ga jù ní nǹkan bí 4. Wọ́n tún rí i pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa jù ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà kì í ti sá fún iṣẹ́ tó le.

Ìyẹn ni pé èrò tuntun ń fẹ́ ibi tó máa fìdí kalẹ̀ sí. Tí mo bá kọ́ ọmọ pé kò sóhun tó burú nínú àṣìṣe, tí gbogbo kíláàsì wá ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà tó ṣi iṣẹ́ ṣe, ẹ̀kọ́ mi ti wọ omi lọ. Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ dá ẹ̀rín yẹn dúró nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo yín, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Ẹ béèrè ohun tá a ṣe gan-an, torí náà ohun tí mò ń ṣe ni màá sọ.

Ìwé pélébé kan máa ń wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Tí nǹkan bá bí mi nínú tí kò lọ bọ̀rọ̀, màá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn ohun tí kámẹ́rà ì bá rí. Lábẹ́ rẹ̀ ni màá kọ ohun tí mo sọ fún ara mi. Lábẹ́ ìyẹn, kí ni mo rí tó ti èrò náà lẹ́yìn, kí ni mo rí tó takò ó? Níkẹyìn, ká ní ọ̀rẹ́ mi nirú èyí ṣẹlẹ̀ sí, kí ni màá sọ fún un?

Àpẹẹrẹ kan. Ọkùnrin kan pariwo lé mi lórí láàárín òru pé mo ti pa ìyá òun tì. Kámẹ́rà: ọkùnrin kan dìde, ó gbóhùn sókè, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ohun tí mo sọ fún ara mi: "Kò kà mí sí." Ohun tó tì í lẹ́yìn: ariwo tó pa. Ohun tó takò ó: ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àga tó ti jókòó sí látàná, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tí kò tíì lójú. Kí n tó kọ ọ́ tán ni mo ti rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tá a ń retí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó jókòó. Kò tọrọ àforíjì, mi ò sì nílò rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mímú nǹkan mọ́ra ni mò ń sọ o. James Gross, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti fi hàn pé ẹni tó kàn gbé ìmọ̀lára rẹ̀ mì, tí kò jẹ́ kó hàn lójú, ara rẹ̀ á ṣì máa gbóná nínú lọ́hùn-ún. Ẹni tó tún ohun tó ṣẹlẹ̀ wò lọ́nà mìíràn kó tó ru bò ó, ìmọ̀lára náà fúnra rẹ̀ ló máa ń rọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tí mo mọ̀ tó ń gbé e mì, wọn kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun kan tí mi ò gbọ́dọ̀ má sọ: bí ìbànújẹ́ bá wọlé tí kò lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun tàbí oúnjẹ yí padà, tí nǹkan tó ń dùn mọ́ni ò dùn mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bó bá jẹ́ pé èrò láti pa ara ẹni ló ń wá, ẹ má dúró dìgbà kankan, ẹ sọ fún ẹnì kan lójú ẹsẹ̀. Àìsàn nìyẹn, kì í ṣe èrò tí kò dáa, ìwé àpò mi ò sì lè wò ó.

Arìnnà

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, mà. Tèmi ò gùn.

Mo máa ń gbọ̀n tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn mi ló ń sọ pé "fara balẹ̀," ìyẹn gan-an ló sì ń dá kún un, torí ara mi kì í gbọ́. Mo wá ka iṣẹ́ Alison Wood Brooks, olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2014. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n sọ fún ara wọn pé ara àwọn ti wà lọ́nà, pé inú àwọn ń dùn sí ohun tó ń bọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n kọrin dáadáa ju àwọn tó gbìyànjú láti fara balẹ̀ lọ. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Àyà tó ń já nítorí ẹ̀rù àti àyà tó ń já nítorí ìháragàgà, ọ̀kan náà ni wọ́n lára. Mi ò bá àyà mi jà mọ́. Mo máa ń sọ fún un pé, "Ó yá, ká lọ." Ó ṣì ń já, àmọ́ ẹnu mi ń ṣiṣẹ́.

Ìyá_Olójú_Àánú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yín ń wọ̀ mí lára. Ìyá mi ni mò ń tọ́jú nílé. Ìrántí wọn ti ń lọ. Wọ́n á bi mí pé, "Ọjọ́ wo lòní?" Màá dá wọn lóhùn. Kí n tó fi ife sílẹ̀, wọ́n ti tún béèrè. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi tẹ́lẹ̀ ni pé wọn ò fetí sílẹ̀, pé wọ́n kàn fẹ́ dá mi lágara. Mo mọ̀ pé àìsàn ni, àmọ́ ohun téèyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mò ń sọ nísinsìnyí ni pé, "Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè rèé." Lójú tiwọn, òótọ́ ni. Mo sì wá rí i pé kì í ṣe ọjọ́ ni wọ́n ń bi mí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì wà nítòsí ni. Tí mo bá di ọwọ́ wọn mú bí mo ṣe ń dáhùn, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tún béèrè.

Àmọ́ Ojú_Lalákàn, mo wà lẹ́yìn rẹ níbì kan. Èrò yìí ò dúró títí àbúrò mi ọkùnrin fi gbà láti máa wá jókòó tì wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀ kí n lè sùn. Ẹni tí kò sùn, kò sí èrò tuntun tó lè dì mú.

Ojú_Lalákàn

Ẹ ṣeun, mà. Ibi tí mò ń tọ́ka sí gan-an lẹ sọ yẹn, mo sì gba ti ìbéèrè ọjọ́ yẹn pátápátá.

Ó ku ẹyọ kan tí mo fẹ́ kí Afẹ́fẹ́ dá mi lóhùn. Àwọn tó ní kéèyàn máa di ojú, kó máa ya àwòrán ilé ńlá àti iṣẹ́ ńlá sọ́kàn kó lè wá, kí lẹ rí sí i?

Afẹ́fẹ́_Òwúrọ̀

Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Gabriele Oettingen, onímọ̀ ará Jámánì, ti ṣe ìwádìí lé e lórí. Ní 2002, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé èyí tí wọ́n ṣe lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń wá iṣẹ́ jáde. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tó máa ń fi ìran iṣẹ́ dáadáa dá ara wọn lára yá jù ni ìwé ìbéèrèfúnṣẹ́ tí wọ́n kọ kéré, iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ wọ́n kéré, owó oṣù wọn náà sì kéré. Ọkàn ti jẹ àdídùn rẹ̀ tán kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tó dámọ̀ràn ni pé kéèyàn ronú lórí ohun tó fẹ́, kó wá yíjú sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́ nínú ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó pinnu bí Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá mìíràn, ṣe ṣàlàyé ní 1999: "Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, èyí ni màá ṣe." Ẹni tó ní "màá máa ní sùúrù" ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó ní "bí mo bá ti gbọ́ ohùn mi tó lọ sókè, màá jókòó kí n tó parí ọ̀rọ̀ náà" ti ní nǹkan tó máa ṣe.

Àlejò_Tuntun

Ẹ jọ̀wọ́, èmi ò tíì sọ̀rọ̀ níbí rí, mo kàn ń kà ni. Ìṣòro mi ni pé mo máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó bá di ọjọ́ mélòó kan, èrò àtijọ́ á ti padà. Màá wá ní mi ò lè yí padà láé. Ti fóònù ló ń dà mí láàmú jù. Tí mo bá ti rí báyé ṣe dẹ ẹlòmíràn lọ́rùn lórí rẹ̀, gbogbo ọjọ́ á bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti pinnu báyìí: "Bí ìlara bá dé, màá rántí ohun rere tí mo ní." Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ káàbọ̀ o. Ọjọ́ mélòó kan kéré jù láti dá ara ẹni lẹ́jọ́. Olùwádìí kan, Phillippa Lally, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London tẹ̀ lé àwọn tó ń dá àṣà tuntun, iṣẹ́ náà jáde ní 2010. Kó tó di ohun tí wọ́n ń ṣe láìronú, ó gba nǹkan bí ọjọ́ 66 ní ìpíndọ́gba. Ti ẹlòmíràn yá ní ọjọ́ 18, wọ́n sì fojú bù ú pé ó lè tó ọjọ́ 254 fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ kan tó bá fò wọ́n ò sì ba nǹkan jẹ́ púpọ̀. Torí náà, tí èrò àtijọ́ bá padà, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ ò lè yí. Ẹ kàn tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó kàn.

Olùkọ́_Ìṣirò

Ìpinnu yín dáa, àmọ́ ó fẹ̀ jù. "Ìlara" kì í ní aago, ó lè ti wọlé kẹ́ ẹ tó fura. Ẹ wá ohun tí ojú lè rí. Ìgbà wo lẹ máa ń kọ́kọ́ gbé fóònù láàárọ̀?

Àlejò_Tuntun

Kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Òun ni aago ìtanijí mi.

Olùkọ́_Ìṣirò

Ó dáa. Ẹ ra aago mìíràn tó ń dún, kẹ́ ẹ gbé fóònù sí yàrá kejì tó bá ti di alẹ́. Ìpinnu yín á wá rí báyìí: "Bí aago bá dún, màá wẹ̀, màá múra, kí n tó wọ yàrá kejì." Nípa ti èrò, ẹ mú ibi kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá rí àwòrán ẹni náà, tẹ́ ẹ gbọ́ gbólóhùn "ó ti kọjá mi," ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé kí lẹ rí gan-an nínú àwòrán yẹn, kí lẹ sì fi ọwọ́ ara yín kún un. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bíi ti Nọ́ọ̀sì. Tó bá di ìparí oṣù, ẹ padà wá sọ fún wa ibi tó ti há, ká jọ wò ó.